Ọmọ Tí A Pọ̀n

Ó lé ní ọdún 30 tí mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe Yorùbá, kò sì sí èyí tí mo rò pé ó rọrùn láti ṣàlàyé tó eléyìí: "Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn." Bí ó bá jáde nínú ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé ẹni tí ẹlòmíràn ń bá ru ẹrù rẹ̀ kì í mọ ìnira tí ó wà nínú rẹ̀ ti gba máàkì rẹ̀ pé. Èmi pàápàá ni mo máa ń fún wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2019, mo ń ṣe máàkì ìwé ìdánwò ní pálọ̀ wa ní Ìjànikin, àbúrò mi ọkùnrin sì jókòó tì mí, ó ń tú rédíò kan palẹ̀. Mo ka ìdáhùn ọmọ kan sókè nítorí pé ó dùn mọ́ mi. Àbúrò mi kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ó pa òwe yìí, ǹjẹ́ wọ́n ti pọ̀n ọ́n rí lẹ́yìn ìgbà tí ó ti gbọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó sọ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín, pẹ̀lú ohun tí àwa méjèèjì ti rí láti ìgbà náà. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo òkè àti igbó.

Àbúrò mi kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú ní ọdún 1980. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé oríṣi kòkòrò àrùn náà tí kì í ṣe ti inú àjẹsára ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Inú wa dùn gidigidi. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti mú ṣáájú ṣì wà láàárín wa, wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ, wọ́n sì ń fẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́.

Ilẹ̀ tí a ń gbé kò ní òkè. Ìjànikin tẹ́ pẹrẹsẹ láti títì tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì títí dé etí ọ̀sà. Iyanrìn ni, àgbọn ni, omi ni. Àlejò a máa rò pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ arọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iyanrìn a máa gbé ọ̀pá mì, a sì máa gbé táyà mì. Nígbà tí àbúrò mi ń fi ọ̀pá méjì ti abíyá rìn, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá nínú iyanrìn a máa tán an lókun ju ọgọ́rùn-ún lórí títì lọ. Nígbà tí ó sì wá ní àga oníkẹ̀kẹ́, ó di pé bí ẹbí wa bá lọ sí etí òkun, ibi tí ọ̀dà títì parí sí ni òun máa ń dúró sí. Ariwo òkun ni ó mọ̀. Omi rẹ̀ kò kan án lẹ́sẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí pé àwa olùkọ́ èdè kì í lè ṣe àìbá ọ̀rọ̀ jà. Àwọn baba wa ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọ́n gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀ tí ó sì fi wọ́n ṣe ti ara rẹ̀. Ní òde òní a ń sọ pé aláàbọ̀ ara, tàbí àkàndá ẹ̀dá. Àbúrò mi kò fẹ́ràn aláàbọ̀ ara. Ó ní òun kò mọ ibi tí ààbọ̀ yòókù wà. Àkàndá ẹ̀dá kò burú lójú rẹ̀. Arọ kì í sì í bí i nínú bí ẹnu tí ó sọ ọ́ kò bá ní ẹ̀gàn, nítorí pé ohun tí ó wà níbẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ní ọdún 1994, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ni, ara mi le, ojú mi sì mọ́lẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ni àbúrò mi ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì fi òun sílẹ̀ sílé, pẹ̀lú àlàyé pé ọ̀nà ibẹ̀ kò dára fún un. Nígbà tí ó wá kan Ìdànrè, mo búra pé lójú mi kọ́. Ìró àdìrẹ ìyá wa ni mo ká sínú àpò mi.

Ẹni tí kò bá tíì dé Ìdànrè kò tíì rí bí òkè ti í dúró. Àpáta dúdú ńláńlá ni, orí wọn pá bí orí àgbàlagbà, igbó àti oko kòkó sì yí wọn lẹ́sẹ̀ ká. Àtẹ̀gùn 660 ni ènìyàn ń gùn kí ó tó dé òkè, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Kì í ṣe àpáta lásán ni ó wà lókè. Ìlú àtijọ́ wà níbẹ̀: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé ìwé, àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé orí òkè yìí kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo àgbáyé.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì gbé àbúrò mi lé mi lẹ́yìn, mo sì fi ìró dì í mọ́ra gírígírí bí ìgbà tí ìyá bá pọn ọmọ. Ọmọ ọdún 16 ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́. A lò ju wákàtí méjì lọ. Ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ní ìkẹta, obìnrin kan tí ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ dúró, ó sunkún díẹ̀, ó fi náírà 20 sí àbúrò mi lọ́wọ́, ó sì gbàdúrà fún mi pé àwọn ọmọ mi yóò pọ̀n mí lọ́jọ́ alẹ́. Nígbà tí a dé òkè, wọ́n yà wá ní fọ́tò. Fọ́tò náà ni ó wà lára ògiri pálọ̀ wa ní alẹ́ tí mo ń sọ yìí. Èmi ni mo hàn nínú rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, òógùn bò mí. Ọwọ́ àbúrò mi méjèèjì ni ó hàn ní èjìká mi, àti díẹ̀ nínú iwájú orí rẹ̀. Mo ti sọ ìtàn ọjọ́ náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó rẹ̀, gbogbo èrò sì hó yè.

Ọdún 25 lẹ́yìn náà ni ó tó dá mi lóhùn.

"Ẹ̀yìn ọrùn yín ni mo rí," ni ó wí. "Àmì dúdú kan wà lábẹ́ etí yín ọ̀tún tí ẹ̀yin fúnra yín kò mọ̀. Bí ẹ bá fún mi ní pẹ́ńsù nísinsìnyí, mo lè yà á. Òkè Ìdànrè ńkọ́? N kò lè yà á."

Mo ní ṣé kò dùn mọ́ ọn ni. Ó ní ó dùn mọ́ òun pé mo fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ní ibi ìsinmi kejì ni mo ti fẹ́ kí a padà. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí ẹsẹ̀ yín bá yọ̀, orí mi ni yóò kọ́kọ́ kan àpáta. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́. Ta ni yóò sọ fún ẹni tí ó ń làágùn nítorí òun pé kí ó sọ òun kalẹ̀? Ọmọ tí a pọ̀n mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ẹ̀gbọ́n mi. Òun gan-an ni ó mọ̀ ọ́n jù. Kò kàn lè sọ pé ó tó ni."

N kò ní parọ́: inú bí mi. Mo rántí bí ẹ̀yìn ti dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn ìrìn-àjò náà, mo sì rò pé àìmoore ni mo ń gbọ́. Mo kó ìwé ìdánwò mi, mo wọ yàrá lọ. Oorun kò wá. Láàárín òru ni mo dìde, mo tan iná, mo fi dígí méjì wo abẹ́ etí mi ọ̀tún. Àmì náà wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ òkè àti arọ ní ọ̀tọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó wá sí mi lọ́kàn ni àwọn ará Ìdànrè àtijọ́. Kò sí ìlú tí kò ní arọ, n kò sì ṣiyèméjì pé arọ wà ní ìlú orí òkè náà nígbà tí ó fi jẹ́ ìlú. Òkè kò ṣòro fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti dé, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ìloro ilé bàbá rẹ̀ ni ó ti ń wo igbó nísàlẹ̀, láìsí ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọjọ́ tí ìlú sọ̀kalẹ̀ ni òkè di ohun tí à ń gùn, ọjọ́ náà sì ni ó di ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan.

Àwọn tí ń kọ́lé ní ìṣirò kan tí mo kọ́ lẹ́nu wọn. Bí a bá fẹ́ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹni tí ó wà nínú àga oníkẹ̀kẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí gùn, fún ẹsẹ̀ bàtà kan tí yóò fi ga sókè, ó gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Mo jókòó, mo ṣe é fún Ìdànrè. Bí a bá ka gíga àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, 660 di ẹsẹ̀ bàtà 330. Ìlọ́po 12 rẹ̀ jẹ́ 3,960. Kò tó máìlì kan! Òótọ́ ni pé ibi ìsinmi títẹ́jú yóò fi kún un, àpáta kì í sì í ṣe amọ̀ tí a ń gbẹ́ bí ó ti wù wá, pàápàá àpáta tí ìtàn wà lára rẹ̀. N kò sọ pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ohun tí kò ṣe é ṣe ni, bí ẹni pé ọ̀run ni à ń wí, nígbà tí kò ju ìrìn tí àwọn ọmọ wa ń rìn lọ sí ilé ìwé lójoojúmọ́.

Àwọn mìíràn ti rí ọgbọ́n ta sí i. Ní Olúmọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè sí ẹ̀gbẹ́ àpáta ní ọdún 2006. Iṣẹ́ ribiribi ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kò lè dára ju iná àti ìtọ́jú tí a fún un lọ, àti pé ibi tí ó ti sọ ènìyàn kalẹ̀, òkúta ṣì wà níwájú. Ní ìlú Kéépù ní Gúúsù Áfíríkà, láti ọdún 1929 ni ọkọ̀ tí ó ń rìn lórí okùn irin ti ń gbé ènìyàn lọ sókè òkè wọn tí orí rẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ilẹ̀ Faransé. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joël Claudel, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mímú ènìyàn gun òkè, ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò kan tí iṣan ara rẹ̀ kò lágbára. Ní ọdún 1987, ó ṣe àga kan tí ó ní táyà kan ṣoṣo nísàlẹ̀, tí ó ní ọ̀pá gígùn níwájú àti lẹ́yìn; ẹnì kan a fà á níwájú, ẹnì kan a tì í lẹ́yìn, ẹni tí ó jókòó a sì kọjú síwájú. Joëlette ni wọ́n ń pè é, ó ti kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọdún méje kí n tó ká ìró ìyá mi sínú àpò ni ọkùnrin yìí ti ro ọ̀rọ̀ kan náà, tí ó sì rò ó jinlẹ̀ jù mí lọ. Nígbà tí mo fi àwòrán rẹ̀ han àbúrò mi, ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀yìn ọrùn ẹni tí ó wà níwájú náà ni n óò tún máa wò. Ṣùgbọ́n ó jìnnà díẹ̀."

Mo ka ọ̀rọ̀ òfin fún un pẹ̀lú. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ti wà láti ọdún 2006, Nàìjíríà sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2010; abala rẹ̀ kan, ìkọgbọ̀n, dá lórí àṣà, ìgbafẹ́ àti eré ìdárayá. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ti ìjọba àpapọ̀ di òfin, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi di ohun tí arọ lè wọ̀. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní 2024. Àbúrò mi ní ó dára, ṣùgbọ́n òkè kì í ṣe ilé, bí òfin bá sì máa bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́, ilé ìfowópamọ́ ni òun yóò kọ́kọ́ lọ wò.

Ní ọdún 2022 ni ó sọ pé òun fẹ́ lọ sínú igbó. Kò ní òkè. Igbó ni ó ní. A gbéra ní ìdájí, a la Èkó já láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, a sì dé ọgbà tí wọ́n ti ń dá ààbò bo igbó àti ẹranko ní Lẹ́kí. Láti ọdún 1990 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Hẹ́kítà 78 ni, irà àti igbó ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, wọ́n sì to pákó sórí irà náà kí ènìyàn lè rìn já a. Nígbà tí táyà rẹ̀ gun orí pákó, mo di ẹ̀yìn àga mú gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ó fi ọwọ́ rọra ká ọwọ́ mi kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó síbí dè mí."

Mo jókòó. Mo gbọ́ bí táyà ti ń lu àárín pákó, gbà, gbà, gbà, títí ohùn rẹ̀ fi wọ inú ewé lọ. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi jókòó níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde láti lọ wá a, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún padà jókòó. N kò rò pé àtẹ̀gùn 660 nira fún mi tó wákàtí náà. Nígbà tí ó padà dé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú, ojú rẹ̀ sì tutù. Ó ní òun rí ọ̀bọ kan, òun dúró wò ó títí ó fi sú ọ̀bọ náà. Ó ní òun yí padà níbi kan nítorí pé òun fẹ́ gbóòórùn irà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní òun dé ìsàlẹ̀ afárá tí wọ́n ta sáàárín orí igi, èyí tí wọ́n ṣí ní 2015, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Àtẹ̀gùn ni ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan sá wá, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a gbé yín." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní, "Ó tó, ẹ̀yin ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tún un sọ fún mi nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀: "Mo ní fún wọn pé ó tó."

Ìlú àwọn olùkọ́ ni Ìjànikin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà níbẹ̀ tipẹ́ ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ ní ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ sì máa ń yà kí mi nílé. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, mo máa ń bi wọ́n bí ọmọ kan bá wà nínú kíláàsì wọn tí kò lè rìn tàbí tí kò ríran. Bí wọ́n bá ní ó wà, wọn a máa sọ pé àwọn yóò gbé e. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi í ní ibi tí ó fẹ́ dé, ohun tí ó fẹ́ fi ọwọ́ kàn, àti ọ̀rọ̀ tí yóò sọ bí ó bá fẹ́ padà, kí gbogbo wọn sì gbà pé bí ó bá ti sọ ọ́, wọn yóò padà. Àwọn kan ń gbọ́. Àwọn mìíràn ń wo fọ́tò ara ògiri, wọ́n ń rò pé mo ń rẹ ara mi sílẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ kọ ìdáhùn àtijọ́ sí òwe náà. Òun ni ó wà lọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wò.

Àbúrò mi ti ń sọ̀rọ̀ Ìdànrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbọ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀ tí a kò mọ̀ ní ibòmíràn ní gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1963, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a kò gbúròó rẹ̀ ni wọ́n tún rí i ní ọdún 2013. Ara àpáta tí omi ń rọra ṣàn lé lórí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé kí wọ́n tó yọ ẹsẹ̀. Èyí pa àbúrò mi lẹ́rìn-ín gan-an. Ó ní aláìlẹ́sẹ̀ ti wà lórí òkè náà láti ìgbà yìí wá, a kò kàn fún un ní náírà 20 ni.

Kò fẹ́ gun àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ òkè ni ó fẹ́ dé, níbi tí ọkọ̀ lè dé, kí ó wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó gbójú sókè wo àpáta náà dáadáa, kí ó fi ọwọ́ kàn án, kí ó sì tẹ́tí bóyá òun yóò gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọ́. Ìgbà òjò ni a fi í sí. Mo bi í ní ohun tí ó yẹ kí n mú dání. Ó ní kí n mú agbòòrùn, búrẹ́dì, àti pẹ́ńsù kan pẹ̀lú ìwé funfun.

"Ìró Màmá ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó ní kí n fi sílẹ̀ sínú àpótí.